Bíró Idẹ Tí Ọmọ Tíṣà Ṣe

  Àwọn tó ti ń bá wa bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ àti ọ̀rọ̀ owó inú ilé ni a sábà máa ń sọ níbí. Ti oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíró ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú lórí rẹ̀.

Ìyá kan nínú ìjọ wa ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì ló wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀, alàgbà sì ni nínú ìjọ. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama káàkiri Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, débi pé àwọn tó kọ́ ti ń rán ọmọ tiwọn náà wá kí i. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, kò rọ́nà wọlé. Nígbà tó di ọdún kẹrin, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní òun kò ní ṣe é mọ́, iṣẹ́ léètì ni ọkàn òun fẹ́.

Bàbá kò na án, kò bú u. Ó kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ náà sì di oṣù mọ́kànlá. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, bàbá á mi orí. Bí bàbá bá fẹ́ rán an níṣẹ́, ìyá ni yóò rán sí i. Ìyá yìí wá sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ̀wé nípa ìdílé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọmọ mi tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó, kí ó má sì padà wá mọ́."

Ẹ má yára dá Bàbá Tíṣà lẹ́bi o. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ ohun tí bíró jẹ́ fún wa. Ilẹ̀ òkè àti àpáta ni ilẹ̀ wa. Iṣu àti kòkó ni àwọn bàbá wa fi rán ọmọ níwèé. Láti ìgbà tí Christ's School ti bẹ̀rẹ̀ ní Adó ní 1933, ìwé ni wọ́n fi ń mọ ọmọ Èkìtì níbikíbi tó bá dé. Nígbà tí ìjọba sì fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àwọn ènìyàn ti ń pè wá ní orísun ìmọ̀ ṣáájú. Nítorí náà, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò bá di bíró mú, ojú máa ń tì í láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ̀. A mọ̀ ọ́n lára, nítorí àwa náà jẹ́ òbí. Ṣùgbọ́n ó ya ni lẹ́nu pé láàárín gbogbo ìfẹ́ tí a ní sí bíró yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan béèrè ẹni tó ṣe é.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa àti ìyá náà jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tíì tọwọ́ bọ ìwé fún un. Ilé onípáànù ni, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Ìyá kan tó ń ṣe gàrí jókòó sórí àpótí, ó ń dúró de ṣáàfùtì ẹ̀rọ tí ó fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ojú ibi tí bíárìn ti ń yí lára rẹ̀ ti jẹ. Ó ti bó ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ láti àná, bí ṣáàfùtì náà kò bá sì jáde lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gẹ́ náà bàjẹ́ nìyẹn. Àwa tí a rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ aláìgbọràn ni a bá wá, ìyá oníṣòwò yìí kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kí ọ̀gá tó kí wa tán. Ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ́, ẹ̀rọ ìfúnpo, ẹ̀rọ ìlọta, ilé bíréèkì ọkọ̀: bí ọ̀kan bá jẹ nínú wọn, ọ̀dọ̀ onílééètì ni ó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò bá tíì rí i. Bí ènìyàn bá ń fi dírílì lu ihò, ohun èlò ló ń yí, iṣẹ́ ló dúró. Léètì kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yí, ọ̀bẹ ló dúró. Ẹ rántí bí olósàn ṣe ń bó ọsàn: ó ń yí ọsàn lọ́wọ́, abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ẹnu ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, ni yóò di ọ̀pá irin mú ṣinṣin. Mọ́tò á máa yí i. Ọ̀bẹ irin líle tí wọ́n dè mọ́ orí ìjókòó rẹ̀ á wá máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ohun gbogbo tó bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ á sì kúrò. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà, kí a lè máa ṣe irú ẹ̀rọ yìí fúnra wa. Síbẹ̀ tòkunbọ̀ ni èyí tí a bá ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ti ju ọ̀gá tó ń lò ó lọ lọ́jọ́ orí.

Nígbà tí ọ̀gá parí ṣáàfùtì ìyá onígàrí, ó fa ẹ̀rọ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní kí ó fi ohun tó ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ hàn wá. Ọmọ náà mú ọ̀pá idẹ kan jáde, kò gùn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, ìwọ̀n rẹ̀ lójú jẹ́ mílímítà 12. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin kóńdẹ́ẹ̀mù ló ti rà á. Ó ní bíró ni òun fẹ́ fi ṣe. Ìyá rẹ̀ wò wá, a wo ìyá rẹ̀.

Bàbà àti síńkì ni wọ́n pò di idẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún gígé lórí ẹ̀rọ sábà máa ń ní òjé díẹ̀ nínú. Òjé yìí ni kì í jẹ́ kí èérún rẹ̀ gùn. Irin lásán máa ń yọ bí òkùn, ó sì lè ya ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n idẹ máa ń fọ́n ká wẹ́wẹ́ bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Nítorí òjé yìí kan náà ni ọ̀gá kò fi jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kan oúnjẹ láì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, ẹ gba aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ kékeré.

Ó kọ́kọ́ gé orí ọ̀pá náà kí ó tẹ́jú. Ó fi bíìtì kúkúrú kan tẹ àárín rẹ̀ ní ojú kékeré, kí bíìtì gígùn má baà ṣìnà. Lẹ́yìn èyí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí lu ihò tí ọ̀pá yíǹkì yóò gbà. Ọ̀pá yíǹkì inú bíró tí gbogbo wa ń rà lọ́jà kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ ní ìbú. Ìṣòro iṣẹ́ náà wá nìyí. Ihò tó tín-ín-rín tó sì gùn ni ikú bíìtì. Bí ó bá wọlé díẹ̀, á fà á jáde, á gbọn èérún rẹ̀ dànù, á ta ọ́ìlì díẹ̀ sí i, á tún padà wọlé. Bí ó bá kánjú, èérún á dí ihò, bíìtì á ṣẹ́ sínú, idẹ náà di ohun àgbéjù nù. Ó ti ṣẹ́ méjì kí a tó dé, ó sì fi wọ́n hàn wá láìtijú. Ìdí nìyí tí ó fi pín ara bíró náà sí méjì, tí ó fi táàpù àti dáì gé ojú ṣúrúù sí wọn, kí apá kan lè wọ inú èkejì. Ihò kúkúrú méjì ya ju ihò gígùn kan lọ.

Ohun kan wà lára ẹ̀rọ náà tí kò jẹ́ kí a gbàgbé ọjọ́ yẹn. Bí ènìyàn bá sún ọ̀bẹ síwájú ní mílímítà 1, kì í ṣe mílímítà 1 ni ìbú ọ̀pá náà fi ń dín, mílímítà 2 ni, nítorí ọ̀pá ń yí, ọ̀bẹ sì ń jẹ ẹ́ yípo. Ẹni tí kò bá rántí èyí, á gé iṣẹ́ rẹ̀ ní àgéjù, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ padà. Ọmọ náà ní bíró àkọ́kọ́ òun parẹ́ báyìí. Ó wá ń fi fánía wọn ọ̀n ní gbogbo ìgbà, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. A wo ìwé náà. Ọ̀wọ́ ọwọ́ kíkọ bàbá rẹ̀ gan-an ni.

Nígbà tí ọ̀bẹ ti ṣe tirẹ̀ tán, bíró náà rí bíi bíró, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kún fún ìlà wẹ́wẹ́ bí ojú àwo orin àtijọ́. Dídán rẹ̀ ló kù, ibẹ̀ ni àsìkò pọ̀ jù sí. Sáńpépà oní 240 ló kọ́kọ́ lò, ó bọ́ sí 400, ó bọ́ sí 600, 800, 1000, títí ó fi dé 2000, ó sì ń rẹ ẹ́ sínú omi. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni iyanrìn ojú rẹ̀ ń kúnná sí i. Iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni láti pa àpá èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́. A bi í pé kí ló dé tí kò kàn fo láti 240 sí 2000, nítorí òòrùn ti ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi bíró kan tó ti fò bẹ́ẹ̀ nígbà kan hàn wá. Láti òkèèrè ó ń dán bíi góòlù. Nígbà tí a gbé e sún mọ́ ojú, ìlà 240 wà lábẹ́ dídán náà lódindi, kódà dídán ló mú kí a rí i. Ó ní òun yóò ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn sáńpépà ni ó fi ìpara ìdán-idẹ sórí aṣọ rírọ̀, ó sì fi nù ún títí a fi ń rí ojú wa lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí. Ọ̀gá náà ká apá aṣọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì ní kí wọ́n bọ́ òrùka àti ìbọ̀wọ́. Tíntín ni sáńpépà tí wọ́n ń lò. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìpẹ̀kun rẹ̀ mú, wọn kì í wé e mọ́ ìka. Ẹ̀rọ tó ń yí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sáńpépà àti ìka ọmọ ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé àwòrán iṣẹ́ wá lọ́jọ́ náà wọ táì, ọ̀gá sì lé e sẹ́yìn pẹ̀lú ohùn tó ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ó ṣe dáadáa.

A gba bíró kan tó ti parí lọ́wọ́ ọmọ náà, a gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn. Ó gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. A gbé bíró náà sórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹni tó ṣe ara rẹ̀ ni ọmọ mi. Ta ló ṣe yíǹkì? Ta ló ṣe bọ́ọ̀lù ẹnu rẹ̀?" Ìbéèrè tíṣà nìyẹn, ó sì tọ̀nà. A dá a lóhùn bí a ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ ènìyàn ni bíró tí a ń pè yìí. László Bíró, oníwèé ìròyìn ní ìlú Budapest, ló gba ẹ̀rí ìjọba sí i ní 1938, arákùnrin rẹ̀ György sì bá a wá ojútùú sí yíǹkì rẹ̀, kí ogun tó lé wọn dé ilẹ̀ Ajẹntínà. Bọ́ọ̀lù kékeré tó ń yí ní ẹnu rẹ̀ le púpọ̀ láti ṣe. Ilẹ̀ Ṣáínà pàápàá, tó ń ṣe ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù bíró lọ́dún, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń ra irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu bíró. Ó di oṣù kìíní 2017 kí a tó gbọ́ pé ilé iṣẹ́ irin kan ní Taiyuan ti rí irú rẹ̀ ṣe. Bí Ṣáínà bá lè ra ẹnu bíró fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kí ojú má tì í, ọmọ Ìkọ̀lé lè ra ọ̀pá yíǹkì.

Bàbá mi orí. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó wá sọ ni a kò retí, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ rí ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ó ní alágbẹ̀dẹ ni bàbá òun. Inú ilé àrọ ni wọ́n bí òun sí, ẹwìrì ni òun ń fín kí òun tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ògún ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ lọ́dọọdún, òun sì jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí òun gba Jésù, òun jáde kúrò nílé àrọ, bàbá òun kò sì bá òun sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Ó wò wá lójú, ó ní, "Kì í ṣe ìwé nìkan ni mo ń sunkún rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ mú mi padà síbi tí Ọlọ́run ti mú mi jáde."

Ẹ̀yin ará, a kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ìrè-Èkìtì kò jìnnà sí wa, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ ló wà, gbogbo ọmọ Yorùbá ló sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìlú náà àti Ògún. A kò ní bú aládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló ti wá sí ọ́fíìsì wa láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí tó ní ọmọ nídìí mẹkáníìkì, wẹ́dà àti léètì, tí wọ́n ń béèrè bóyá irin jẹ́ ti òrìṣà. A dáhùn pé Ẹlẹ́dàá ló ni irin. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 4 nípa Túbálì-Káínì, tó ń rọ idẹ àti irin nígbà tí ayé ṣì kéré. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 31. Àwa ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa kíkún fún Ẹ̀mí. Bésálélì wà lára àwọn tí Bíbélì kọ́kọ́ sọ pé Ọlọ́run fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún. Kì í ṣe oníwàásù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe akọ̀wé. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, wúrà, fàdákà àti idẹ ni ó sì ń fi ṣiṣẹ́.

A rán Bàbá Tíṣà létí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 1904, ní ìhà àríwá ibi tí a wà yìí. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́ kí ó tó di awakọ̀ rólà fún iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba. Lójú iṣẹ́ náà, níbi tí rólà ti kọ̀ láti lọ, ni Ọlọ́run ti pè é ní 1928, ọdún méjì ṣáájú ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Kò sí ibi tí a ti kà á pé ó tọrọ àforíjì fún owú tó ti gbé rí.

A sì tún rántí Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀. Láti 1947 sí 1954, àwọn ará wa Kátólíìkì ní ibi iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, Fadá Kevin Carroll ló ń bójú tó o. Ó gba Bándélé ọmọ Àrẹ̀ógún àti àwọn agbẹ́gilére mìíràn láti máa gbẹ́ ilẹ̀kùn àti àwòrán inú Bíbélì fún ilé ìjọsìn. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀, tó sì ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Àwọn kan bínú nígbà náà pé ọwọ́ tó ti gbẹ́ òrìṣà kò yẹ kó gbẹ́ ti Olúwa. A lè má gba ohun gbogbo tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ìbéèrè Bàbá Tíṣà kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ yìí.

Èyí tó mú un jù lọ, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ni Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 13. Kò sí alágbẹ̀dẹ kan ní gbogbo Ísírẹ́lì. Bí àwọn Hébérù bá fẹ́ pọ́n ọkọ́ àti àáké, ọ̀dọ̀ Filísínì tó jẹ́ ọ̀tá wọn ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, wọ́n sì ń sanwó. Ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òun yóò lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Tuesday ni ó lọ. A wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, bàbá mi orí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó bi ọ̀gá pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí irin yóò ṣe yára yí tó. Ọ̀gá nawọ́ sí ọmọ. Ọmọ mú ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn irin ẹ̀rọ náà. Ó ní ọ̀bẹ lè jẹ idẹ ní nǹkan bíi mítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n irin lásán kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi mítà 25 lọ bí ọ̀bẹ kò bá ní jóná. Ó sọ mítà 60 di mílímítà 60,000. Ó wá ní kí a fi páì pọ̀ mọ́ 12, nítorí mílímítà 12 ni ìbú ọ̀pá náà, kí a sì fi iye tí a bá rí pín 60,000. Ó kọ ìdáhùn sílẹ̀: 1,650.

"O ṣì í," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ 37.7 sílẹ̀, ó pín in, ó fa ìlà méjì sábẹ́ 1,592. Ó yíjú sí ọ̀gá, ó bi í pé ṣé ẹ̀rọ náà lè yí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní rárá o, ó ti dàgbà, jíà tó bá sún mọ́ ọn nísàlẹ̀ ni àwọn ń lò. Bàbá padà kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kí ó bá òun ṣe ti irin lásán. Ọmọ ṣe é. 663 ló rí. Bàbá ní ó dára. Ìyá wọn ti lọ dúró sẹ́yìn ilé nídìí jẹnẹrétọ̀, a rò pé kí a má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀ ni.

Ní ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí mìíràn kọ́ nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Bàbá Tíṣà kò bá ọ̀gá jà lórí Ògún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi bò. Ó béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ọ̀gá náà, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ní àwọn máa ń ṣe ọdún nínú ẹgbẹ́. Wọ́n fẹnu kò pé ọmọ náà kò ní dá owó ọdún, kò ní jẹ níbẹ̀, kò sì ní wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n yóò fi ọjọ́ kan mìíràn dí i. Ọjọ́ ìsinmi jẹ́ ti Ọlọ́run. Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ kíkọ́. Inú ilé ìjọsìn ni wọn yóò ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá yóò wá, yóò sì gba ẹ̀bùn rẹ̀. Bàbá tún fi ọ̀kan kún un fúnra rẹ̀: awò tó ń dáàbò bo ojú, òun ni yóò rà á. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń mú ọmọ fún ọ̀gá bí ẹni ju ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n á wá padà wá pariwo nígbà tí ohun tí wọn kò béèrè bá ṣẹlẹ̀. A ti rí i púpọ̀, ó sì ń dùn wá.

Nígbà tó tó àkókò láti fọwọ́ síwèé, Bàbá Tíṣà kọ́kọ́ tún àṣìṣe mẹ́rin kọ nínú ìwé àdéhùn náà. Ó wá tọwọ́ bọ àpò, ó yọ bíró idẹ tí a gbé wá fún un lọ́jọ́ Sunday. A kò mọ̀ pé ó ti mú un kúrò lórí tábìlì. Ó fi fọwọ́ síwèé, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó yí i wò bóyá yóò rí ìlà kankan lábẹ́ dídán rẹ̀.

Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Bí yíǹkì rẹ̀ bá tán ńkọ́?"

Ọmọ gbà á, ó tú ojú ṣúrúù rẹ̀, ó fi ọ̀pá yíǹkì inú rẹ̀ hàn án, ó ní irú rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà Ìkọ̀lé. Bàbá ní ó wúwo jù fún ọwọ́ àgbà. Ó dè é padà, ó sì fi sí àpò òkè àyà rẹ̀.